Àyípo omi ní ìlú Èkó

Àyípo omi ni ọ̀nà tí omi ń gbà kúrò lójú òkun, odò, ilẹ̀ àti ara ewé lọ sí òfurufú, tó sì ń padà wálẹ̀ ní òjò, ìrì tàbí kùrukùru. Ooru oòrùn ló ń gbé e lọ sókè. Nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 omi ayé ló wà nínú òkun. Èyí tó wà lófurufú kéré gan-an: bí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé, kò ní jìn ju nǹkan bí mìlímítà 25 lọ. Èkó wà létí òkun, ọ̀sà sì là á láàárín, nítorí náà èèyàn lè fojú rí gbogbo ìrìn omi yìí láàárín ìlú, àfi èyí tó ń lọ lábẹ́ ilẹ̀, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò.

Oru omi àti òjò

Bí oòrùn ṣe ń pa ojú omi, díẹ̀díẹ̀ lara rẹ̀ ń di oru tí ojú kò lè rí. Iyọ̀ kì í bá a lọ, ìdí nìyẹn tí òjò tó ti òkun wá kò fi níyọ̀. Bí oru bá gòkè, á tutù, á sì dì mọ́ ara eruku àti hóró iyọ̀ tín-ń-tín tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀, á wá di àwọsánmà. Ohun kan náà ló ń ṣe píọ̀ wọ́tà tútù tí wọ́n bá mú jáde nínú kúlà ní Balógun: kí ẹni tó rà á tó já a, ara ọ̀rá ti ń làágùn. Omi yẹn kò jò láti inú ọ̀rá. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Èkó. Ọ̀kan ń ti orí òkun fẹ́ wá, ó rin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, òun ni ọyẹ́. Àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, oṣù Kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù, òjò á sinmi ní oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Lára ohun tó ń fa ìsinmi náà ni omi tútù tó ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè lẹ́bàá èbúté lásìkò yẹn.

Omi abẹ́lẹ̀

Òjò tí kò bá ṣàn lọ á rin wọ ilẹ̀. Lábẹ́ Ìkẹjà, Muṣin àti Súrùlérè, yanrìn àti amọ̀ ló tò léra wọn ní ìpele ìpele. Inú yanrìn ni omi ń dúró sí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti etí ọ̀sà, yanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ tí omi wọ́ wá ló wà níbẹ̀, omi kò sì jìnnà sókè. Okùn kànga ni òṣùwọ̀n ìjìnlẹ̀ omi tó dájú jù fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ: okùn tó ń kan omi wẹ́rẹ́ lásìkò òjò lè má tó mọ́ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kí wọ́n tó so òmíràn mọ́ ọn.

Irin pọ̀ nínú omi abẹ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò. Omi náà á mọ́ gaara nígbà tí wọ́n bá fà á, ṣùgbọ́n tó bá sùn nínú dúrọ́ọ̀mù, á pọ́n, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á sì silẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kan irin inú rẹ̀ ló fà á.

Iyọ̀ ló le jù. Omi òkun wúwo ju omi òjò lọ, nítorí náà omi òjò ń léfòó lé e lórí lábẹ́ ilẹ̀. Ghijben ará Nẹ́dálándì àti Herzberg ará Jámánì ló ṣírò rẹ̀ pé bí omi abẹ́lẹ̀ bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bí mítà 40 omi aláìníyọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá fa omi náà débi tó fi lọ sílẹ̀ ní mítà 1, omi iyọ̀ lè fi mítà 40 gòkè bí àkókò ti ń lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kànga kan ní Apápá àti Victoria Island fi ń níyọ̀, tí àwọn agbẹ́kànga-ẹ̀rọ fi ń kọjá yanrìn òkè lọ sí èyí tó jìn. Síméńtì àti íńtálọ́ọ̀kì tó bo àgbàlá mọ́lẹ̀ kò sì jẹ́ kí òjò ráyè wọlé dípò ohun tí wọ́n fà.

Àgbàrá àti ọ̀sà

Òjò mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà 1. Ní 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Èkó ju mìlímítà 200 lọ. Lórí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn ju lítà 130,000 lọ.

Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń da omi sínú ọ̀sà lásìkò òjò, iyọ̀ rẹ̀ á sì dínkù. Ìgbà yẹn ni ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó máa ń bo ojú omi, tí ọkọ̀ àwọn apẹja Màkókò kò fi ní rọ́nà gbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu èbúté wọlé, ewéko náà á sì rọ.