Àpò Ṣòkòtò Kì Í Ṣe Àkọ̀: Bí A Ṣe Ń Yan Ìbọn Ìléwọ́ Kékeré

Ẹni tó bá tọ̀ mí wá pé òun fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ tí òun yóò máa gbé sínú àpò ṣòkòtò, ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í yàtọ̀: èwo ló kéré jù? Èmi á ní kó kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ jáde fún mi. Kọ́kọ́rọ́ á jáde, owó ẹyọ á jáde, ìpara ètè á jáde, nígbà mìíràn ìdérí bírò tí bírò rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló fẹ́ bá ìbọn gbé pọ̀, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè ṣe iṣẹ́ ìka lórí tíríìgà, ìyẹn irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti òfin kúrò nílẹ̀ ná. Níbi púpọ̀ láyé, ẹ̀wọ̀n ni ìbọn inú àpò jẹ́ fún ará ìlú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àṣà yìí ti wọ́pọ̀ jù, òfin ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe ti èkejì: ọ̀kan á béèrè ìwé àṣẹ, òmíràn ò ní béèrè, ìwé tí wọ́n fún yín níbí sì lè má níyì rárá lẹ́yìn ẹnu ààlà. Ẹ mọ èyí tó kàn yín kí ẹ tó náwó.

Tíríìgà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lára ìbọn tó fẹ́ wọ àpò. Àwọn kan fẹ́ràn èyí tó rọ̀ tó sì kúrú, torí ó máa ń jẹ́ kí ọta balẹ̀ síbi tí wọ́n fojú sùn. Lórí pápá ìdánrawò, mi ò bá wọn jà. Nínú àpò, èyí tó le tó sì gùn ni mo fẹ́. Rìfọ́fà, ìyẹn ìbọn tí ọta rẹ̀ ń gbé inú agbá tó ń yí, máa ń béèrè agbára tó tó kílò mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún ààbọ̀ kí ó tó yìn bí òòlù ẹ̀yìn rẹ̀, irin tó ń gbá kí ọta lè dún, bá wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ti fa òòlù yẹn sẹ́yìn, nǹkan bíi kílò méjì ti tó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìka tó mọ ohun tó ń ṣe àti kọ́kọ́rọ́ tó kàn ṣèèṣì há.

Torí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn rìfọ́fà tí wọ́n fi òòlù rẹ̀ pamọ́ sínú ara ìbọn. Smith & Wesson, iléeṣẹ́ aṣèbọn kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Centennial lọ́dún 1952. Kò sí ohun tí yóò kọ́ okùn àpò nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fa òòlù náà sẹ́yìn kí tíríìgà wá rọ̀. Ọta márùn-ún péré ló ń gbà lóòótọ́. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn kọ̀ ọ́, mi ò ní bá a jiyàn pẹ́.

Ohun kejì ni kí ẹ bi ara yín pé bí ìbọn yìí bá já bọ́ ńkọ́? Nítorí yóò já bọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, rìfọ́fà kan já lu ilẹ̀ irin ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Amẹ́ríkà, ó dún, ó sì pa atukọ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ṣe é tún irin ìdènà inú rẹ̀ ṣe, èyí tí kì í jẹ́ kí òòlù kan ọta àfi bí wọ́n bá fa tíríìgà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìkan o. Lọ́dún 2008 tí iléeṣẹ́ Ruger gbé ìbọn kékeré LCP jáde, ọdún náà kò parí tí wọ́n fi ní kí àwọn kan tó ti rà á dá a padà fún àtúnṣe, torí ó lè yìn bí ó bá já bọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ mú nọ́ńbà ara rẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é bóyá àtúnṣe kan wà tí ẹni àkọ́kọ́ kò ṣe. Àwọn ìbọn kéékèèké ayé àtijọ́ tí àwọn èèyàn máa ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àgbà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ohunkóhun tó ń dí abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta lọ́nà. Wọ́n dára nínú àpótí gíláàsì. Ẹ má fi sápò.

Bí ìbọn bá sì ń bọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ọwọ́ tó bá sáré gbá a mú lè ṣàdédé bá tíríìgà pàdé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 yìí kan náà, Plaxico Burress tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fi ìbọn há ìbàdí ṣòkòtò wọ ilé ijó kan ní New York, láìsí àkọ̀. Ìbọn yọ̀ wọnú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó sáré gbá a mú, ọta wọ̀ ọ́ nítan. Kò ní ìwé àṣẹ ìlú yẹn, ó sì lọ ṣẹ̀wọ̀n lé e.

Ti bọ́tìnì ìdènà tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn mìíràn kí ó má baà ṣèèṣì yìn, mi ò kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tó ń fara kàn án lè tì í kúrò láì jẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àkọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣahun. Ẹni tó náwó ńlá lórí ìbọn á ní àpò òun ti tó ṣe àkọ̀. Kò tó. Àkọ̀ inú àpò gbọ́dọ̀ bo tíríìgà pátápátá, kó sì le débi pé bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ìta, ẹ kò ní lè gbún tíríìgà. Ó gbọ́dọ̀ mú ìbọn dúró lóòró, kí ara òde rẹ̀ sì máa di aṣọ mú, kó lè jókòó sínú àpò nígbà tí ìbọn bá jáde. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó yọ ìbọn tòun ti àkọ̀ jáde bí ẹni yọ iṣu tòun ti erùpẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ dá ìbọn padà, ẹ má tì í bọ inú àpò níbi tí ojú yín kò tó. Ẹ yọ àkọ̀ jáde, ẹ kọjú ẹnu ìbọn síbi tí kò séwu, ẹ ti ìbọn bọ inú àkọ̀ lójú yín, kí ẹ tó wá kó méjèèjì padà sápò. Àpò yẹn kò sì gbọdọ̀ gba ohun mìíràn mọ́, títí kan bébà tí wọ́n fún yín ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àgbà ní àfẹ́ẹ̀rí kan ò ju ká rí igbó ńlá bọ́ sí. Ẹni tó ń wá ìbọn tó kéré jù, ṣòkòtò tí àpò rẹ̀ jìn ló yẹ kó lọ wá. Ìbọn kékeré jù ní ìyà tirẹ̀. LCP yẹn kò ju nǹkan bí gíráàmù igba ó lé àádọ́rin lọ láìsí ọta, bí ìbọn bá sì ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe tàpá tó. Ìka ọmọńdinrín kì í rí ibi dì mú. Ọ̀pá rẹ̀ kúrú débi pé ìka ọwọ́ kejì lè yọ síwájú ẹnu rẹ̀ láì fura, ewu tí mo máa ń ṣọ́ jù lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ti rìfọ́fà, iná máa ń tú jáde láàárín agbá àti ọ̀pá, ó sì lè jó àtàǹpàkò tó bá sún mọ́ ọn. Ní ti èyí tí kì í ṣe rìfọ́fà, bí ọwọ́ yín kò bá lágbára láti fa irin orí ìbọn sẹ́yìn kí ọta lè wọ ihò ọ̀pá, iléeṣẹ́ Beretta ní àwọn kéékèèké tí ọ̀pá wọn ń là sókè bí ìdérí, tí ẹ óò fi ọta sí i láì fa ohunkóhun. Ẹ yá a, ẹ yìn ín tó àádọ́ta ọta, kí ẹ tó rà á. Èyí tó bá dun ọwọ́ yín ní ọta kẹwàá, ẹ kò ní fi dánra wò, bẹ́ẹ̀ ìbọn tí ẹ kì í fi dánra wò kò yẹ ní àpò yín.

Òógùn àti ìdọ̀tí òwú inú àpò ń wọ ìbọn ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ máa nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó nù ún, bí tiyín bá ní magasíìnì, ìyẹn ilé ọta tó ń wọ inú ìdìmú, ẹ yọ ọ́ ná, lẹ́yìn náà ẹ fa irin orí rẹ̀ kí ọta tó kù nínú ihò jáde, kí ẹ sì fi ojú àti ìka wo ihò náà. Ẹni tó bá fa irin kó tó yọ magasíìnì ti ti ọta mìíràn bọ ihò fúnra rẹ̀, á sì máa rò pé ìbọn ṣófo.

Ó ku ti alẹ́, tí kì í sí lẹ́nu ẹni tó ń tà. Ìbọn ìbàdí, ara máa ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà nínú àpò, tẹni tọ̀hún bá ti bọ́ ṣòkòtò sórí àga, ó ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ sì mọ àpò bàbá wọn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ṣíńjì ń gbé. Ọjọ́ tí ẹ bá ra ìbọn ni kí ẹ ra àpótí alágádágodo rẹ̀. Kí ẹ tó tú bẹ́líìtì, ìbọn òun àkọ̀ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sì wà nínú ṣòkòtò yẹn.