Ọjọ́ Tí Wọ́n Bá Ní Kí Àlejò Fọ Ọpọ́n Ìwẹ̀

Ní ilé àwọn ará Japan, ibi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà máa ń rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ilé fúnra rẹ̀ lọ. Genkan ni wọ́n ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkèèrè dé láti wá gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan á bọ́ bàtà sílẹ̀ níbẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé orí pákó, á sì bá sílípáàsì tí wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é. Bó bá bojú wẹ̀yìn, á rí i pé ìyá ilé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a yí bàtà rẹ̀ padà kó lè kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ lè rọra kó sínú rẹ̀ nígbà tó bá ń jáde. "Irasshai" ni wọ́n á fi kí i. Orí àlejò á wú. Kò tíì mọ̀ pé kíkí yẹn náà ni ẹlẹ́ja fi ń kí ẹni tó wá rajà nídìí àtẹ rẹ̀. Kò sì tíì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bá ọmọ ilé yí bàtà. Ọmọ ilé ní láti yí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá sì gbàgbé, wọ́n á pè é padà.

Ti ìwé àṣẹ kò gba àròyé. Wọ́n á fún un ní káàdì olùgbé, á lọ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 tó bá ti ríbi dé sí, á wọ inú ètò ìlera tí yóò jẹ́ kó máa san ìdá 30 péré nínú 100 owó ìtọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù. Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á gba àṣẹ, àṣẹ náà kò sì kọjá wákàtí 28 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìléwọ́. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìléwọ́ ni bí ilé ṣe ń gba ènìyàn wọlé, ibẹ̀ ló sì yẹ ká dúró sí.

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ti lọ gbé láàárín wọn. Àwọn kan á ní kò sí ẹni tó mọ àlejò í ṣe bí ará Japan. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀rín ẹnu lásán ni, wọn ò fẹ́ràn àjèjì. Àṣìlóye kan náà ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Wọ́n rò pé ìkẹ́ àti ìyìn ni àmì pé wọ́n ti gba ènìyàn, pé ìbáwí sì ni àmì ìkórìíra. Ìdàkejì rẹ̀ ló rí. Ní Japan, ẹni tí wọ́n bá ń yìn ṣáá ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá jágbe mọ́ pé ó fi iná sílẹ̀ ní títàn ti dé yàrá. Àṣìlóye yìí ń dunni gan-an, torí ó ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sunkún lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n yọ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn ará Japan ń lò ló gbé e ró: uchi ni inú, soto ni ìta. Uchi yìí náà ni wọ́n fi ń pe ilé ẹni, ìdílé ẹni, àní ilé iṣẹ́ ẹni pàápàá. Bí òṣìṣẹ́ bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kankan pe ọ̀gá tirẹ̀. "Tanaka kò sí lórí ìjókòó" ni yóò sọ, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Etí Yorùbá kì í gba ìyẹn, kí ọmọ iṣẹ́ má pe ọ̀gá ní "wọ́n". Lọ́dọ̀ tiwọn, inú ni ọ̀gá wà, ìta ni oníbàárà wà, ẹni tó bá sì wà níta ni wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó bá ti mọ èyí á yéé ka ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fún àlejò sí ìfẹ́. Òṣùwọ̀n ni. Ó ń sọ bí àlejò ṣe jìnnà sí inú tó.

Ìdí omi ìwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Ọpọ́n ìwẹ̀ wọn jìn, wọn kì í sì í fọ ara nínú rẹ̀. Ènìyàn á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ara tán, á ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá, kó tó wá wọ inú omi gbígbóná náà, á sì rì dé ọrùn. Bó bá jáde, kò gbọdọ̀ da omi náà nù. Wọ́n á fi ìdérí bò ó kó má bàa tutù, ẹni tó kàn á wọlé, omi kan náà ni gbogbo ilé á sì lò. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n á tún fa ìyókù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nítorí náà, ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láyé àtijọ́, bàbá ilé ni. Bí àlejò bá wà, àlejò ni. Ojú àlejò la ti ń jẹ igbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án: bàbá tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, á máa retí ọmọ ọdún 17 tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan á kọjá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ilé á ti jáde ní balùwẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí pe àlejò. Láti ọjọ́ náà, á di ẹni kẹta, á di ẹni kẹrin. Tó bá yá, ìyá á na kànrìnkàn sí i pé kó fọ ọpọ́n ìwẹ̀ kí àwọn tó fa omi sí i. Iṣẹ́ ọmọ ilé nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé á kọ̀wé sílé pé wọ́n ti ń lo òun bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó wọ agbo ilé nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ètò yìí láìtíì dé Tokyo. Wọ́n á bu omi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kò ní fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, oúnjẹ á máa bá a níbi tó jókòó sí, gbogbo ẹni tó bá wọlé á máa yin ẹwà rẹ̀. Kò sí ìyàwó tó gbọ́n tó ń fẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyẹn pẹ́ títí, torí bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ìyáálé kò tíì rán an níṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ìyakọ bá ké láti ilé ìdáná pé, "Ìyàwó, ata yìí ń jóná, àbí o ò gbóòórùn ni?", ọjọ́ náà ló di ará ilé.

Ìjọra náà kò tán síbẹ̀. Nínú agbo ilé, ọjọ́ tí oníkálukú wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà láàárín àwọn ìyàwó, ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó ọmọ ọdún 30 tó dé lónìí á kúnlẹ̀ kí ọmọ ọdún 25 tó ti wà nílé láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ jòjòló tó bá nílé pàápàá, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, á fún un ní orúkọ mìíràn, á máa pè é ní Akọ̀wé tàbí Adúmáadán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ ilé ìwé wọn, tí wọ́n ń pè ní bukatsu, ṣe rí. Ẹni tó wọlé ṣáájú ni senpai, ẹni tó dé lẹ́yìn ni kōhai, ọdún kan péré sì tó láti ya àwọn méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba ife-ẹ̀yẹ nílé rẹ̀ á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlòmíràn gbá, tó ń fi aṣọ tútù nu pákó gbọ̀ngàn, tó ń gbóhùn sókè kí ọmọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Bí olùkọ́ bá ní kó lọ jókòó ní tirẹ̀ torí pé àjèjì ni, kó má rò pé ojúrere ni. Wọ́n ṣì ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìyìn rí. "Nihongo jōzu desu ne" ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ń gbọ́, ìyẹn ni pé o mà gbọ́ èdè wa dáadáa o. Wọ́n á sọ ọ́ fún ẹni tó kàn kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n á yìn ín pé ó mọ igi méjì ìjẹun lò. Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò sì pa irọ́. Kíkí ni, bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún òyìnbó tó bá ní "ẹ káàárọ̀" lọ́jà. Àmọ́ ta ló ń yin ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá? Ọjọ́ tí ìyìn náà bá dáwọ́ dúró, tí àbúrò ilé rẹ́rìn-ín sí àṣìsọ rẹ̀, tí ìyá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, nǹkan ti yí. "San", ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí orúkọ rẹ̀, náà á di "kun" tàbí "chan" tí wọ́n fi ń pe ọmọdé àti ẹni tó súnmọ́ wọn, tàbí kó já dànù.

Kó tó dìgbà náà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n á máa sọ fún un, ibí yìí sì ni ètò náà ti ní àbùkù tó ń pa àlejò lára. Bó bá ń pẹ́ kó tó wọlé lálẹ́, ìyá kò ní sọ pé ó ń pẹ́. Á ní, "Òde ti ṣókùnkùn, ẹ̀rù kò bà ọ́?" Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Inú akẹ́kọ̀ọ́ tó dé láti ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ní gbangba kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di odindi. Á dáhùn pé rárá, ẹ̀rù ò ba òun, lọ́la á tún pẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn tó ṣètò bó ṣe wá sí Japan á pè é pé ìdílé náà ti ní kó lọ sílé mìíràn. Kò rí ìbínú, kò gbọ́ ariwo. Ìgbà tó nílò ìtọ́sọ́nà jù ni ọ̀wọ̀ àlejò dí i lójú, wọ́n sì wá fi àìmọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ìkíni ló rọrùn jù fún Yorùbá láti gbà wọlé. Ẹni tó ń jáde nílé á ní "ittekimasu", mo ń lọ, mo sì ń bọ̀. Àwọn ará ilé á ní "itterasshai", lọ kó o padà wá. Ó dàbọ̀ tiwa ni. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tán, "otsukaresama" ni wọ́n á kí i, bí ẹ kú iṣẹ́ tàbí ẹ kú wàhálà. Àmọ́ ìkíni kan wà tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àlejò tó bá fẹ́ wọ ilé onílé á ní "ojama shimasu", ó ń tọrọ gáfárà pé òun fẹ́ dí wọn lọ́wọ́. Ọmọ ilé kì í sọ bẹ́ẹ̀. "Tadaima" ni tirẹ̀: mo ti dé o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìtìjú ń mú á máa tọrọ gáfárà ní genkan lójoojúmọ́, àwọn náà á sì máa ṣe é lálejò lọ. Bó bá gbójú, tó ké "tadaima" kó tó bọ́ bàtà, ohùn kan á dá a lóhùn láti ilé ìdáná láìwo ojú rẹ̀: "Okaeri." Káàbọ̀. Àìwo ojú rẹ̀ yẹn gan-an ni káàbọ̀ náà.

Gbogbo èyí ń ṣiṣẹ́ torí pé ẹnìkan fa akẹ́kọ̀ọ́ náà wọlé. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè tó wà ní Japan kò rí ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 1983, nígbà tí Nakasone Yasuhiro jẹ́ olórí ìjọba, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè pé 100,000. Ó di 2003 kó tó pé. Ní 2008 wọ́n sún un sí 300,000, wọ́n sì ti kọjá ibẹ̀ ní 2019. Ní 2023 wọ́n tún ti ń wo 400,000 tó bá fi máa di 2033. Yàrá ni ọ̀pọ̀ wọn ń rẹ́ǹtì, àwọn onílé sì ń béèrè onídùúró, ẹni tó jẹ́ ará Japan, tí yóò sanwó bí ayálégbé bá sá lọ. Níbo ni ẹni tó dé lánàá ti fẹ́ rí onídùúró? Ní 2017, ìjọba gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn àjèjì tó ń gbé ibẹ̀: nínú àwọn tó wá ilé láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú, bí 39 nínú 100 ló sọ pé wọ́n kọ̀ láti fún àwọn nílé torí pé àjèjì ni àwọn. Onílé tó kọ̀ náà lè máa tẹríba kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín ládùúgbò. Ìta ni wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ètò tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àjèjì di ọmọ nínú ilé kan kò tíì mọ bí yóò ṣe ṣe é fún odindi ìlú.

Ibi iṣẹ́ ni àwọn kan nínú wọn ti ń rí inú tiwọn. Bùkátà ló gbé wọn dé ilé oúnjẹ kékeré tí wọ́n ti ń fọ abọ́, olówó ibẹ̀ á pariwo mọ́ wọn ní gbogbo alẹ́, àmọ́ bí ilẹ̀kùn bá tì, á se makanai, oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, wọn á sì jókòó jẹ ẹ́ pọ̀.

Ìyàwó tí a fi wé akẹ́kọ̀ọ́ yìí wá láti dúró ni. Akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ ní ọdún kan, nígbà mìíràn ìdajì ọdún, ilẹ̀kùn yìí kì í sì í yá ní ṣíṣí. Ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ẹgbẹ́ Rotary tún máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé kan sí òmíràn, ilé méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan náà, kó lè rí ọ̀nà ìgbé ayé tó yàtọ̀ síra. Ó ní èrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà pọ̀. Ọmọ tó ti ń fọ ọpọ́n ìwẹ̀, tí ìyá ti ń bá wí nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó jù sílẹ̀, á di ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ní ilé tuntun, wọ́n ti to sílípáàsì sílẹ̀ dè é. Wọ́n á ní ó mà gbọ́ èdè àwọn dáadáa. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bàbá ilé á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ìyá á sì rọra sọ fún un pé omi ti gbóná, òun ni kó kọ́kọ́ wọlé.