Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá atẹ̀wé l'Ékòó la ti kọ́ graphic design, kì í ṣe Jámánì

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì graphic design, iṣẹ́ ká to lẹ́tà àti àwòrán sójú ewé, ní Yaba rí ló mọ eléyìí: tísà á pín pépà dúdú fún yín, á ní kẹ́ ẹ gé onígun mẹ́rin mẹ́ta jáde nínú ẹ̀, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ pépà funfun, kí ojú kọ́kọ́ lọ sára ọ̀kan kó tó lọ sára àwọn tó kù, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣe é tán á ní kẹ́ ẹ tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá béèrè pé ibo ni irú ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe báyìí ti wá, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún yín, wọ́n á ní Jámánì ni, Bauhaus ni, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan tó wà níbẹ̀ nígbà kan. Èmi ò gbà. Tó bá jẹ́ ti Èkó la ń sọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá atẹ̀wé ní Lagos Island àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó gbabẹ̀ dé Èbúté Mẹ́ta, ó dé Yaba, ó sì wà ní Ṣómólú títí dòní.

Ẹ jẹ́ n fún àwọn ará Bauhaus ní tiwọn ná. Walter Gropius ló dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ nílùú Weimar ní 1919, Johannes Itten ló ṣètò ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù, Moholy-Nagy àti Josef Albers wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1923, nígbà tí Hitler gorí oyè ní 1933 ilé ẹ̀kọ́ náà kógbá sílé. Wọ́n ṣiṣẹ́, mi ò bá wọn du ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: wọn ò pe olùkọ́ ní purofẹ́sọ̀, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń jẹ́ ọmọ iṣẹ́, Gropius fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ṣílé ẹ̀kọ́ náà pé kí gbogbo oníṣẹ́ ọnà padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ètò ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ làwọn náà lọ gbé wá, ètò yẹn sì ti wà l'Ékòó tipẹ́. Àwọn míì á ní Arieh Sharon tó kàwé ní Bauhaus ló ya pulánì Yunifásítì Ifẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ká to lẹ́tà.

Ẹni tí mo gbà pé ó dáná iṣẹ́ yìí l'Ékòó ni Robert Campbell, ó sì ń dùn mí pé orúkọ ẹ̀ kì í jáde ní kíláàsì. Ọmọ Jàmáíkà ni, wọ́n bí i ní Kingston ní 1829, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni wọ́n fi í sí kó lọ kọ́ṣẹ́ nígbà tó ṣì kéré, ìgbà tó yá ló wá di tísà, ó dé Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú níwèé ní Philadelphia. Ẹ kíyè sí i: ọmọ iṣẹ́ atẹ̀wé tó di tísà. Ní 1859 òun àti Martin Delany, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, wá sí Abẹ́òkúta láti bá àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó sí, ọ̀rọ̀ yẹn ò wá lójú, ni Campbell bá kó ìdílé ẹ̀ wá s'Ékòó ní 1862. Ní June 1863 ló gbé Anglo-African jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ l'Ékòó, ó sì ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di ìparí 1865.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé á mọ̀ pé ẹnì kan ò lè dá ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tẹ̀. Ẹnì kan á máa to lẹ́tà, ẹnì kan á máa pa yíǹkì, ẹnì kan á máa fa ẹ̀rọ, ẹnì kan á máa tú lẹ́tà tí wọ́n ti lò padà sínú àpótí. Nítorí náà lójú tèmi, ṣọ́ọ̀bù Campbell nìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ dìsáìn àkọ́kọ́ l'Ékòó nìyẹn, àwọn ọmọdékùnrin Èkó ló máa jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, torí tísà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ò lè dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó wá gbàgbé àtikọ́ni.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Abẹ́òkúta á ní Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti ń tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn láti 1859, àwọn ará Calabar náà á ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dé ọ̀dọ̀ tàwọn láti 1846. Kò burú, abẹ́ míṣọ́n ni wọ́n wà, Èkó lọjà wà, ibi tọ́jà bá sì wà ni pátákó àti ìpolówó máa wà. Ti Abẹ́òkúta pàápàá, Èkó ló padà já sí. Ní 1867 nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kúrò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ba ẹ̀rọ Ìwé Ìròhìn jẹ́, àwọn onígbàgbọ́ tó sá kúrò níbẹ̀ wá tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta, ó sì dá mi lójú pé nínú gbogbo èrò yẹn, àwọn ọmọ tí Townsend kọ́ ní ìwé títẹ̀ ò ní ṣàìsí níbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ tó mọṣẹ́ wá sí ìlú tó ń wá oníṣẹ́. Bó ṣe di pé ìwé títẹ̀ pọ̀ ní Mainland tó báyìí, èmi ò rí àlàyé míì tó dáa ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀kọ́ wo lọmọ iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀? Lẹ́tà títú ni. Lẹ́tà òjé, òdì ni wọ́n kọ ọ́ kó lè jáde dáadáa lórí pépà, b á dà bíi d, p á dà bíi q, ẹni tí ń tò ó á dorí ẹ̀ kodò lọ́wọ́ kó lè máa kà á láti òsì sí ọ̀tún, n àti u wá dàrú mọ́ ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó ti àpótí tó ní ilé kéékèèké, ilé tó tóbi jù wà láàárín fún àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń lò jù, á máa dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà síbi tó ti wá, ojú àti ìka ẹ̀ á wá mọ ìrísí lẹ́tà débi pé kò ní máa kà á mọ́, á kàn máa rí i. Ohun táwọn tísà ń wá nìyẹn tí wọ́n bá fún yín ní pépà dúdú, kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀, kí ẹ rí ìrísí.

Ti Yorùbá wá yàtọ̀. Ní 1875 àwọn ìjọ ṣèpàdé l'Ékòó lórí bí wọ́n á ṣe máa kọ Yorùbá, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ wá di ohun tí gbogbo atẹ̀wé gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́, àmì ohùn tún wà lókè. Ìlà Gẹ̀ẹ́sì lè sún mọ́ ìlà kejì, kò sí wàhálà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún ìlà Yorùbá mọ́ra, àmì abẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà lókè á kanlẹ̀ mọ́ àmì ohùn ìlà tó wà nísàlẹ̀, ojú ewé á dúdú, kò ní ṣeé kà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń to Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ àlàfo láàárín ìlà kó tó mọ nǹkan míì. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ojú atẹ̀wé Èkó fi tètè là sí ọ̀rọ̀ àlàfo, èdè wa ló fipá kọ́ wọn. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fọ́ǹtì kan, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, dáa, kó tẹ "Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀" sínú ẹ̀ kó wo ibi tí àwọn àmì ń bọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pépà kíká, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ mú pépà kan tó fẹ̀, ẹ ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má gé e, ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan látorí 1 dé 16, ẹ wá tú u sílẹ̀. Ẹ máa rí i pé 16 ló jókòó ti 1, 13 jókòó ti 4, ìlà kan dorí kodò, ojú ewé méjì tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ibi tí ìwé ti máa ṣẹ́, 17 ni wọ́n jẹ́ tẹ́ ẹ bá ro wọ́n pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ò bá mọ eléyìí á to ìwé tí orí kẹta á ṣáájú orí kìíní. Pépà yìí náà ni Albers ń pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní Bauhaus, á ní kí wọ́n ká a, kí wọ́n má fi ṣòfò, àwọn tó ń kọ ìtàn sì ń pọ́n ọn lé bí ẹni pé kò sí ẹni tó ti kọ́ ọmọ ní pépà kíká rí, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀wé ni wọ́n ti ń ká a.

Kí n yà síbí díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ l'Ékòó, wọn ò kàn ní kó máa lọ sílé tó bá mọṣẹ́. Fíríìdọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń ṣe fún un, òbí á wá, àwọn ọ̀gá míì nínú ẹgbẹ́ á wá, ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á súre fún un, á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, lẹ́yìn náà ni míníràlì àti jọ̀ọ́lọ́ọ̀fù á jáde. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé kò sí ìwé ìdánwò kankan nínú gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe ni ọ̀gá fi mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní pọ́tífólíò lónìí nìyẹn.

Àwọn sáìn-ráítà náà ti ibẹ̀ yẹn wá, àwọn tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù àti ara mọ́tò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó kù ní Mushin, ẹ ní kó kọ LAWANI. Ọmọ iṣẹ́ tuntun á fa ìlà méjì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, á fi rúlà wọn àlàfo tó dọ́gba sáàárín gbogbo lẹ́tà, tó bá kọ ọ́ tán, L àti A á jìnnà síra bí ẹni pé wọ́n ń bínú síra wọn, N àti I á há mọ́ra. Ọ̀gá ò ní bá a ṣàlàyé púpọ̀, á mú àkísà, á nù ún, á ní "tún un kọ, gbé rúlà sílẹ̀." Á máa nù ún títí ọmọ á fi mọ̀ pé L, A àti W gbọ́dọ̀ wọra díẹ̀, kí N àti I sì gba afẹ́fẹ́, pé ojú ló ń wọn àlàfo. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é ní kerning, wọ́n sì ń gbowó lórí fídíò ẹ̀.

Ìyókù yá. Aina Onabolu ló jà fún un kí wọ́n tó máa kọ́ àwòrán yíyà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó lẹ́yìn tó ti Lọ́ńdọ̀nù àti Parisi dé ní 1922, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ sì ń pè é ní Mr. Perspective, àmọ́ àwòrán ni tiẹ̀, mi ò ní dúró níbẹ̀. Èyí tó kàn wá ni pé Azikiwe gbé ìwé ìròyìn West African Pilot kalẹ̀ ní Commercial Avenue ní Yaba ní 1937, Akinola Lasekan ń ya katúùnù síbẹ̀, ìwé títẹ̀ àti àwòrán wá ń gbénú ilé kan náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1947, wọ́n dá Yaba Tech sílẹ̀ ládùúgbò kan náà. Ẹ wo orúkọ ẹ̀ka tí Yusuf Grillo, ayàwòrán, wá fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ olórí fún níbẹ̀: Art and Printing. Wọn ò ya iṣẹ́ ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé títẹ̀, títí dòní School of Art, Design and Printing ni wọ́n ń pè é. Mi ò mọ ẹ̀rí tó tún kọjá ìyẹn. Wọ́n á ní Zaria ni Grillo ti kàwé, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọmọ Pópó Àgùdà ni, àárín àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ káfíńtà àti bíríkìlà tó ti Brazil dé ló ti dàgbà, àwọn tó jẹ́ pé ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n fi kọ́ Èkó, Zaria kọ́ ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ hàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lú àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣe dìsáìn, CorelDRAW gba Ṣómólú kan, Photoshop tẹ̀ lé e, Canva dé orí fóònù, gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn. Àmọ́ ní Ṣómólú, ẹ̀kọ́ náà ò tíì yí padà. Ọmọ tó ti gba sátífíkéètì orí íntánẹ́ẹ̀tì á gbé fáìlì wá ní RGB, àwọ̀ ti sírínì tí kì í ṣe ti yíǹkì, búlúù ẹ̀ ń tàn lójú sírínì, kò fi mílímítà mẹ́ta sílẹ̀ ní etí fún gígé, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì tẹ ẹyọ kan fún un. Búlúù á jáde bíi pọ́pù, etí kan á ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ọ̀bẹ ti yẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á gbé e lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní kó lọ tún un ṣe.