Sòbìà kì í ṣe iṣan: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdèrè

"Ara gbogbo wa ni sòbìà wà, bí ẹ̀jẹ̀ bá bàjẹ́ ló máa ń jí." Ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ní Ìdèrè àti káàkiri ilẹ̀ Ìbàràpá. Àwọn kan ní iṣan ara ni, irú èyí tó so ẹran mọ́ eegun, pé ńṣe ló kúrò ní àyè rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ Ṣọ̀pọ̀nná ló wà. Ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló já sí: kò sẹ́ni tó fura sí omi.

Inú omi sì ni sòbìà, aràn tí òyìnbó ń pè ní guinea worm, ti ń wá. Ẹni tó ń ṣe, mímu ló mu ún.

Ìlú kékeré ni Ìdèrè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó wà lára ìlú tí à ń pè ní Ìbàràpá méje. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ní ilé nílùú, wọ́n sì ní abà lóko, ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò lójú ọ̀nà àárín méjèèjì. Omi ni ìṣòro. Òkúta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ náà, ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga lè kan òkúta kó tó kan omi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò kéékèèké á gbẹ, á ku ọ̀gọ̀dọ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni gbogbo abà á ti máa pọn omi mímu, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti máa fẹsẹ̀ wọ omi láti bu ú. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí iṣẹ́ ìlera wọn ní Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ ní 1963, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí sòbìà ní Ìdèrè, pàápàá láàárín 1980 sí 1990. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìlú yìí fi di mímọ̀ fún àwọn tó ń bá àrùn náà jà káàkiri ayé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òmùgọ̀ ló gbàgbọ́ pé iṣan ni. Ìdí wà. Ẹni tó bá mu omi náà lónìí, oṣù 10 sí 14 ni yóò tó rí ohunkóhun lára rẹ̀. Ta ló máa rántí igbá omi tó mu ní èṣí? Oúnjẹ tó bàjẹ́ ń fún ni ní inú rírun lóru ọjọ́ tí a jẹ ẹ́, a sì mọ ohun tó fà á. Ti sòbìà kò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì, ohun tó ń yọ jáde funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó sì jọ iṣan tí à ń rí bí a bá ń kun ẹran. Ẹ̀kẹta, èèyàn mẹ́wàá lè jọ máa mu omi ọ̀gọ̀dọ̀ kan, kó jẹ́ pé mẹ́ta péré ló máa mú, nítorí kì í ṣe gbogbo igbá omi ni kòkòrò tó gbé ọmọ sòbìà máa ń bọ́ sí. Àwọn méje yòókù á wá sọ pé àwọn náà mu omi ọ̀hún, kò sì ṣe àwọn ní nǹkan kan. Ẹ̀rí yìí lágbára lójú ẹni tó ń wò ó, àmọ́ kò pé.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Kòkòrò kan wà nínú omi tí kò ṣàn, kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Bí a bá bu omi náà sínú ife onígíláàsì, tí a gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, a lè rí i bó ti ń ta pọ́ún pọ́ún. Òun ló ń jẹ ọmọ sòbìà tó bá wà nínú omi. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ yìí á fi dàgbà nínú kòkòrò náà kó tó lè mú èèyàn. Bí a bá gbé kòkòrò náà mì, omi inú ikùn á pa á, ṣùgbọ́n kò ní pa ọmọ sòbìà tó gbé. Ìyẹn á gba ara ìfun kọjá sínú ẹran ara. Akọ á bá abo lò pọ̀, akọ á kú, abo á máa gùn sí i lábẹ́ awọ títí yóò fi tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100. Nígbà tí ọdún bá ti yí, á wá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń gbà jáde. Ibẹ̀ á wú, á yún, á lé ròrò, á sì máa ta bí iná.

Títa yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta bí iná á wá omi tútù. Bó bá ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀gọ̀dọ̀, ìléròrò á bẹ́, sòbìà á tu omi funfun bíi wàrà jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ọgọ́rùn-ún ọmọ rẹ̀ ló sì wà nínú omi funfun yẹn. Kòkòrò omi á jẹ wọ́n, àwọn tó ń pọn omi á gbé kòkòrò mì, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí á sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó wọ omi lọ́jọ́ kan lè kó gbogbo abà sí wàhálà fún ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìgbàgbọ́ òdì yẹn ń ṣe. Bó bá jẹ́ iṣan ni, kí ló burú nínú kí ẹni tó ń ṣe wọ inú omi? Bó bá jẹ́ òrìṣà ni, ètùtù ló kàn, ta ló máa ṣọ́ ọ̀gọ̀dọ̀? A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń sìn. Kí ẹnu ọ̀nà omi ṣáà ti ní olùṣọ́.

Nígbà tí sòbìà ṣì wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jáde jù, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni wọ́n mu omi ọ̀gọ̀dọ̀. Àkókò yẹn náà ni àgbẹ̀ ń wa iṣu tó kù, tó ń ṣán igbó, tó ń palẹ̀ mọ́ de òjò àkọ́rọ̀. Ẹni tí kò lè dìde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lásìkò yìí, oko ọdún kan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá dùbúlẹ̀, ọmọ á kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ láti pọn omi, láti dáná, láti gbé àbúrò. Àwọn Dogon ní orílẹ̀-èdè Mali ń pe sòbìà ní àrùn àká òfìfo, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Kò sí oògùn tó ń pa sòbìà lára èèyàn, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tó sì ti ṣe rí tún lè ṣe é lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní "sòbìà yóò degbò, olúgànbe là ń ké sí." Ewé tí wọ́n fi ń tọ́jú egbò rẹ̀ ni olúgànbe. Òótọ́ ni pé kíákíá ló yẹ ká dìde sí i. Fífọ ojú egbò pẹ̀lú omi mímọ́ àti fífi aṣọ dì í ni ìtọ́jú, kí a sì máa fi igi tín-ín-rín tàbí bándéèjì ká sòbìà díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lóòjọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fà á tipátipá. Bó bá já sínú, èyí tó kù á mú kí ẹsẹ̀ wú gan-an, kí ọyún kó jọ, nígbà mìíràn oríkèé á le gan, kò sì ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì náà lè gba ojú egbò wọlé.

Asẹ́ ni ohun ìjà tó wúlò jù lọ nílé. Kòkòrò tó gbé ọmọ sòbìà tóbi tó pé aṣọ lè dá a dúró. Asẹ́ ọ̀rá tí ihò rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ni wọ́n kó dé Ìdèrè, àwọn olùtọ́jú ìlera tí abúlé fúnra wọn yàn ló sì ń tà á fún ará wọn. Èyí wú wa lórí, torí ohun tí èèyàn bá fowó ara rẹ̀ rà ni yóò tọ́jú. Títẹ́ ni a ń tẹ́ ẹ sẹ́nu àmù, a ó so ó yí ká, a ó sì rọra da omi lé e. Ojú tó bá kọ sókè lónìí ni kó kọ sókè lọ́la. Ẹni tó bá yí asẹ́ dà ti da gbogbo kòkòrò àná sínú omi òní. Nítorí náà, ẹ fi òwú àwọ̀ mìíràn sàmì sí ojú òkè. Omi tí a ti sẹ́ ni kí a fi ṣan án, ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí omi ni kí a da ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Bí ihò kékeré bá dá sí i, kó di àkísà nìyẹn. Ti àgbẹ̀ tó ń lọ sóko yàtọ̀: ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi asẹ́ dí lẹ́nu kan ni, á fi okùn so ó kọ́rùn, òun ni á fi fa omi mu níbikíbi tí òùngbẹ bá ká a mọ́.

Álọ́ọ̀mù kò lè rọ́pò asẹ́. Ó máa ń mú kí ẹrẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, omi á sì mọ́ lójú, àmọ́ omi tó mọ́ lójú kọ́ ni omi tí kò ní kòkòrò. Omi sísè dára, ó ń pa á, igi ìdáná nìkan ni kò rọrùn láti rí lójoojúmọ́. Oògùn Abate ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀: giráàmù 1 ojúlówó oògùn náà sínú lítà 1,000 omi, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin láàárín àkókò tí sòbìà ń jáde. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ wọn gígùn, ìbú àti jíjìn omi náà, nítorí bí oògùn bá kéré, kòkòrò ò ní kú. Kànga ẹ̀rọ ló dára jù gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹnì kan bá wà tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra awọ inú ẹ̀rọ nígbà tó bá jẹ. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni ẹsẹ̀ á tún gba ọ̀nà ọ̀gọ̀dọ̀.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ní oṣù Kọkànlá 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kò sí i mọ́ lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ̀jẹ̀ wa kò yí padà láàárín ogún ọdún yẹn, iṣan wa sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Omi tí à ń mu ló yí padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní Ìdèrè lẹ́yìn 2008 ní iṣan bíi ti bàbá wọn, kò sì sí sòbìà lára wọn.

Kò tíì tán láyé o. Ní 2024, èèyàn 15 ló ṣe é, 9 ní Chad, 6 ní South Sudan. Ní Chad, ajá púpọ̀ ló tún ń ṣe é. Bí ẹni tó ti ibẹ̀ dé láàárín ọdún kan bá ní ìléròrò tó ń ta bí iná lẹ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ odò tàbí kànga. Ẹ bu omi sínú báàfù fún un kó fi tu ẹsẹ̀ lára, ẹ da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.