Áàpù fóònù fún ìṣọ́ oúnjẹ jẹ ní Abẹ́òkúta

Áàpù oúnjẹ ni ètò orí fóònù tí ènìyàn ń kọ ohun tó jẹ sí, tí yóò sì bá a ṣírò iye agbára, ọ̀rá, ṣúgà, iyọ̀ àti àwọn èròjà aṣaralóore mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan tún máa ń ránni létí àsìkò oúnjẹ, wọ́n ń ka bákóòdù ara páálí, wọ́n sì ń ya àwòrán bí ìwọ̀n ara ṣe ń lọ sókè sódò. Lára àwọn tó gbajúmọ̀ ni MyFitnessPal, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Lose It!, tó dé ní 2008, Cronometer àti FatSecret. Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ará Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀, nítorí áàpù tó mọ oríṣi wàrà ogún lè má mọ láfún rárá.

Ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ọjọ́ orí, gíga, ìwọ̀n ara, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti irú iṣẹ́ òòjọ́ ni áàpù kọ́kọ́ ń béèrè. Ìlànà Mifflin-St Jeor, tó jáde ní 1990, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. A ó sọ ìwọ̀n ara ní kìlógíráàmù di ìlọ́po 10, a ó fi gíga ní sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 6.25 kún un, a ó sì yọ ọjọ́ orí lọ́nà 5 kúrò. Ọkùnrin á fi 5 kún èyí tó kù, obìnrin á yọ 161 nínú rẹ̀. Fún obìnrin ẹni 40 ọdún tó wọn kìlógíráàmù 75, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, ìṣirò náà ni 750 + 1,000 − 200 − 161. Kálórì 1,389 ló jẹ́, ìyẹn ohun tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́ bí kò tilẹ̀ dìde lórí ibùsùn. (Kálórì ni ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára inú oúnjẹ; èyí tí à ń wí níbí ni èyí tí wọ́n ń kọ ní kcal sára páálí.) Bí ó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí, tó kàn ń rìn díẹ̀díẹ̀, áàpù á sọ ọ́ di ìlọ́po 1.375, yóò di nǹkan bí 1,910.

Ẹni tó bá fẹ́ jò, áàpù sábà máa ń yọ 500 kúrò nínú ti òòjọ́ rẹ̀. Ọ̀rá ara kìlógíráàmù kan tó nǹkan bí kálórì 7,700, nítorí náà 500 lójúmọ́ yẹ kó dín nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù kù lọ́sẹ̀. Ìṣirò orí ìwé nìyẹn o: bí ara bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ni ohun tó ń ná ń dín kù, ó sì yẹ kí a tún ìwọ̀n tuntun kọ sínú áàpù lóṣooṣù. Irú iṣẹ́ ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìṣe jù. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Ọbáńtókò dé Kútọ̀ lójoojúmọ́ máa ń ka ara rẹ̀ kún òṣìṣẹ́ alágbára, bẹ́ẹ̀ ọ̀kadà ló ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ oúnjẹ

Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó ní òun jẹ àmàlà lè jẹ́ láfún ló jẹ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ará Ìbàdàn tó dárúkọ kan náà, èlùbọ́ iṣu ló ń sọ. Áàpù kò mọ ìyàtọ̀. Tí a bá tẹ “fufu”, ó lè gbé ti àwọn ará Gánà wá, tí wọ́n máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ gún, tàbí kó gbé iyán jáde. Tí a bá tẹ “yam”, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ síbẹ̀ jẹ́ ọ̀dùnkún, torí orúkọ tí púpọ̀ nínú wọn ń pè é nìyẹn. Èyí tó burú jù ni “melon”. Èso olómi bíi bàrà tí à ń jẹ ní tútù ni áàpù á mú wá, tí gíráàmù 100 rẹ̀ kò ju nǹkan bí kálórì 30 lọ. Ẹ̀gúsí ni ìyá olóúnjẹ ń wí, nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí ló sì jẹ́ ọ̀rá, gíráàmù 100 rẹ̀ ju kálórì 550 lọ. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kan ṣoṣo lè ba ìṣirò ọjọ́ kan jẹ́ báyìí, kí ẹni tó ń kọ ọ́ má sì mọ̀.

Tútù àti jíjinná náà ń fa àṣìṣe. Gíráàmù 100 ìrẹsì tí a kò tíì sè tó nǹkan bí kálórì 360. Tí a bá ti sè é, omi ti wọ inú rẹ̀, gíráàmù 100 kò ju nǹkan bí 130 lọ. Ẹni tó wọn ìrẹsì nínú àwo rẹ̀, tó wá mú ti tútù nínú áàpù, yóò ka oúnjẹ rẹ̀ sí ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta.

Ohun tó ń yanjú èyí ni kí a dá oúnjẹ tiwa sílẹ̀ nínú áàpù. Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ti gbé tábìlì èròjà oúnjẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jáde, ẹ̀dà ti 2019 sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti epo pupa wà nínú rẹ̀, ní tútù àti ní sísè. A ó wo oúnjẹ náà níbẹ̀, a ó da iye kálórì, purotéènì, ọ̀rá àti kábọháídíréètì gíráàmù 100 kọ sínú áàpù, a ó sì fi orúkọ tí à ń pè é nílé pè é. Oúnjẹ bí ogún tàbí ọgbọ̀n tí ilé kan ń jẹ jù ti tó. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni iṣẹ́ náà.

Wíwọn òkèlè àti ọbẹ̀

Síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù ṣe pàtàkì ju áàpù olówó lọ. Fún òkèlè, ìyẹ̀fun tàbí gàrí gbígbẹ ni kí a wọ̀n, torí omi ń fi kún ìwọ̀n, kì í fi kún agbára. Bí gíráàmù 150 gàrí (nǹkan bí kálórì 525) bá di ẹ̀bà gíráàmù 450, ẹni tó jẹ 300 nínú rẹ̀ jẹ nǹkan bí 350. Ẹni tó te ẹ̀bà tirẹ̀ le á jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwọ̀n kan náà.

Ọbẹ̀ gba sùúrù díẹ̀. A ó wọn ìkòkò lófìfo, ká ní gíráàmù 1,100. A ó kọ gbogbo èlò ọbẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe ń dà wọ́n sí i. Tí ọbẹ̀ bá jinná, a ó tún ìkòkò wọ̀n. Bí ó bá di 3,300, ọbẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 2,200. Bí àpapọ̀ agbára èlò bá jẹ́ kálórì 2,200, gíráàmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ kálórì kan, ṣíbí ìbùbẹ̀ tó gba 180 sì jẹ́ 180. Epo ni ká ṣọ́ jù lọ. Gíráàmù ọ̀rá kan jẹ́ kálórì 9, ti purotéènì àti kábọháídíréètì jẹ́ 4 péré, nítorí náà epo pupa gíráàmù 120 nínú ọbẹ̀ yìí ti kó bí 1,080, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìkòkò. Ẹni tó ń da epo látinú ìgò, tó wá kọ “ṣíbí mẹ́ta” sílẹ̀, sábà máa ń da ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn áàpù kan ń fi àwòrán mọ oúnjẹ. Wọ́n máa ń gbìyànjú lórí ẹyin sísè tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lórí ewédú àti ata tí a bù pọ̀, àwòrán kò lè rí epo tó wà nísàlẹ̀ àwo, kò sì lè mọ bí òkèlè ṣe nípọn tó.

Oúnjẹ ìta

Ní Pánsẹ̀kẹ̀, Kútọ̀ tàbí Lafenwá, kò sẹ́ni tó máa gbé síkéèlì lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ. Ohun tó rọrùn ni kí a ra ẹyọ láfún kan gbé wálé lẹ́ẹ̀kan, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì fi orúkọ olóúnjẹ yẹn pa á mọ́ sínú áàpù. Ẹyọ rẹ̀ kì í sábà yí padà púpọ̀, àfi tí gàrí àti láfún bá gbówó lórí. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọn kò bó tán ní okun oúnjẹ (fáíbà) ju ìrẹsì funfun lọ, ṣùgbọ́n epo tí wọ́n fi ń dín ata ayamáṣe lè sọ àwo kékeré di oúnjẹ ènìyàn méjì. Kí a ní kí wọ́n bu ata díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń dín in kù ju kí a dín ìrẹsì lọ.

Páálí, ṣúgà àti iyọ̀

Bákóòdù tó bá fi 615 bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, irú wọn ló sì sábà máa ń sọnù nínú àkójọ áàpù. Open Food Facts, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, gba ẹnikẹ́ni láyè láti ya fọ́tò páálí kí ó sì fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́. MyFitnessPal ti sọ kíka bákóòdù di ohun tí à ń sanwó fún láti 2022. Bí ìgò ohun mímu bá kọ ṣúgà gíráàmù 10 nínú mílílítà 100, ìgò 50 cl gbé gíráàmù 50, ó sì kan òkè ìwọ̀n òòjọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Sódíọ̀mù ni páálí sábà máa ń kọ. A ó sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5 kí ó tó di iyọ̀. Magí gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò ọbẹ̀, torí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni iyọ̀.

Ìránnilétí

Ìránnilétí kan tàbí méjì lójúmọ́ ti tó. Tó bá ti pọ̀ jù, àwọn ènìyàn á pa gbogbo rẹ̀ láìkà á. Kí a kọ oúnjẹ kí a tó jẹ ẹ́ sàn ju kí a dúró di alẹ́, nígbà tí ẹ̀pà àti búrẹ́dì àárín ọjọ́ ti fò ní iyè.

Àwọn tí kò yẹ kó dá a ṣe

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo àwọn oògùn kan tó ń lé ṣúgà wálẹ̀ lè dákú bí ó bá dín oúnjẹ kù láìdín oògùn kù. Òógùn, gbígbọ̀n ara àti òyì ló máa ń ṣáájú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ní láti ṣọ́ pòtásíọ̀mù inú ewébẹ̀, áàpù ọ̀fẹ́ púpọ̀ kì í sì í fi í hàn dáadáa. Aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí oúnjẹ ti di àníyàn fún kò gbọ́dọ̀ lo ìdínkù 500 yẹn. Onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ló yẹ kó bá irú wọn fi iye lélẹ̀. Áàpù á kàn máa gbé àkọsílẹ̀ fún un wò.

Àṣírí

Ní 2018, wọ́n jí orúkọ, àdírẹ́sì í-méèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ti yí padà sí àmì láti inú nǹkan bí àkáǹtì mílíọ̀nù 150 ti MyFitnessPal. Nàìjíríà ní Òfin Ààbò Dátà ti 2023, tó ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà ẹlẹgẹ́. Áàpù oúnjẹ kò nílò nọ́ńbà àwọn ènìyàn inú fóònù tàbí ibi tí a wà, a sì lè kọ̀ ọ́ fún un nínú ètò fóònù. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Inú áàpù náà ni a ti ń pa àkáǹtì rẹ́ kí a tó yọ ọ́.