Kì í ṣe ẹ̀yin ni oògùn mọ́ lára, kòkòrò ni

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́nu kẹ́mísì kan ládùúgbò wa, mò ń retí ṣéńjì mi, ni ìyá kan bá wúkọ́ wọlé. Kò sọ bí ikọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì sọ iye ọjọ́ tó ti ń bá a jà. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má fún mi ní Ampiclox mọ́ o. Ó ti mọ́ mi lára, kì í jẹ́ fún mi mọ́. Èyí tó bá le jù ú lọ ni kẹ́ ẹ fún mi." Ọmọbìnrin tó ń tajà ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó nawọ́ sórí pẹpẹ, ó fa páálí kan yọ, ó fi sísọ́ọ̀sì gé kápúsù mẹ́rin kúrò lára káàdì, ó dà wọ́n sínú ọ̀rá. "Ẹ lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́." Ó parí.

"Ó ti mọ́ mi lára." Kò sí ilé tí wọn kì í ti í sọ ọ́. Èmi náà sọ ọ́ fún ọdún púpọ̀. Ohun tá a ní lọ́kàn ni pé ara máa ń mọ oògùn bí ẹnu ṣe ń mọ ata: ẹni tó ti ń jẹ ata láti kékeré, ata ò ní ta á bó ṣe ń ta àlejò. Bó bá ti wá rí bẹ́ẹ̀, a ó pààrọ̀ oògùn. Àwọn àgbà ṣáà ti ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan, la bá ń wá ewé tó kù yẹn kiri orí pẹpẹ kẹ́mísì. Àwa nìkan kọ́ la gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 10,000 èèyàn lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè 12, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. 76 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló gbà pé ara èèyàn ló ń mọ àǹtíbáyọ́tíìkì, ìyẹn irú oògùn bí Ampiclox, tí kì í fi í ṣiṣẹ́ mọ́.

Ara kọ́. Àǹtíbáyọ́tíìkì ò bá ara jà rárá, bakitéríà ló ń bá jà. Bakitéríà jẹ́ kòkòrò tín-ńtín tí ojú lásán ò lè rí, púpọ̀ nínú wọn ló sì mọ ògiri yí ara wọn ká. Ara èèyàn ò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀. Penicillin àti àwọn ẹbí rẹ̀, ampicillin àti amoxicillin, kíkọ́ ògiri yẹn ni wọ́n máa ń dí lọ́wọ́. Bí kòkòrò náà ṣe ń dàgbà, tó fẹ́ mọ ògiri sí i, oògùn ò ní jẹ́ kó rí i mọ, yóò sì bẹ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi lè pa kòkòrò láìpa ẹni tó gbé e mì. Ìdí yẹn náà ni kò fi wúlò fún ọ̀fìnkìn, torí fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, fáírọ́ọ̀sì ò sì ní ògiri kankan tí oògùn máa bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú kápúsù Ampiclox fúnra rẹ̀ wò. Oògùn méjì ló wà nínú rẹ̀, ampicillin àti cloxacillin. Kí ló dé tí wọ́n fi so méjì pọ̀? Kòkòrò kan wà tó máa ń gbé nínú imú àti lórí awọ ara, tó ń fa eéwo. Kò pẹ́ tí penicillin dóde tí àwọn kan nínú kòkòrò yìí fi ń yọ ohun kan jáde tó dà bíi sísọ́ọ̀sì, tó ń gé penicillin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó tó débi ògiri. Sísọ́ọ̀sì yẹn ń gé ampicillin náà. Cloxacillin ni kò rí gé bọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ṣe fi kún un nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ara ìyá tó ń wúkọ́ yẹn ló ń mọ oògùn, kí ni wọn ì bá máa wá cloxacillin kún un fún?

Kòkòrò kan ò sì ní láti jókòó kẹ́kọ̀ọ́ kó tó di alágbára. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ọ̀kan tàbí méjì lè ti ní sísọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Bí oògùn bá dé, àwọn tí kò ní ló máa kú. Ilé wá ṣófo, oúnjẹ pọ̀, àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. E. coli, tó ń gbé nínú ìfun wa, lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú bí ààyè bá gbà á. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pé wọ́n lè fún ara wọn ní àwòṣe sísọ́ọ̀sì náà, kódà fún kòkòrò tí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Nítorí náà, kápúsù tá a gbé mì lórí ọ̀fìnkìn ò fọwọ́ kan ọ̀fìnkìn, àmọ́ ó ti lọ ṣa àwọn aláìlágbára inú ìfun pa, ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olórí kunkun.

Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin ní London ní 1928, rí i ṣáájú. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un ní 1945, ó fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, ó lọ ra penicillin fúnra rẹ̀, ó lo ìwọ̀nba tí kò tó pa kòkòrò, tó kàn kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe kọ oògùn náà. Ó kó o ran ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún ìyàwó ní penicillin, kò jẹ́, obìnrin náà sì kú. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ ló lo oògùn nílòkulò, ìyàwó ló bá a lọ.

Àtọ̀sí ló jẹ́ kó yé mi jù. Ìgbà kan wà tí abẹ́rẹ́ penicillin ń wò ó. Ní 1976, wọ́n rí oríṣi kan ní Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gé penicillin. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló já sí. Tetracycline náà di aláìwúlò fún un, ó tún kan Cipro. Lónìí, abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni àwọn dókítà gbójú lé jù. Ẹni tí kò lo kápúsù kan rí láyé ẹ̀ lè kó àtọ̀sí tí kò gbóògùn. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá lè kó kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ìwádìí kan tó kárí ayé fojú bù ú pé ní 2019, 1.27 mílíọ̀nù èèyàn ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pa, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín sì ni ikú náà ti pọ̀ jù ní ìwọ̀n iye èèyàn.

Mi ò dá ìyá náà lẹ́bi. Ẹni tó bá lọ sí ọsibítù á san owó káàdì, á jókòó di ọ̀sán, ọjà ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Kẹ́mísì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀fìnkìn tó máa lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún, bá a bá gbé kápúsù mì lọ́jọ́ kẹta, kápúsù ló máa gba ìyìn. Lọ́jọ́ tí ikọ́ mìíràn bá pẹ́ díẹ̀, a ó ní oògùn ti mọ́ wa lára, nígbà tó jẹ́ pé kò wúlò fún àìsàn yẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Iye ọjọ́ tí dókítà bá kọ ni kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ má dá a dúró torí ara ti yá, ẹ má fà á gùn torí ìbẹ̀rù, ẹ má sì tọ́jú èyí tó kù de ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tú kápúsù dà sójú egbò, omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ egbò náà.

Mo tún pàdé ìyá yẹn lọ́nà ọjà lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó ṣì ń wúkọ́. Mo kí i, mo bi í léèrè, ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún un pé ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ló kàn, pé àwọn oògùn kan tá à ń pè ní èyí tó le máa ń bo ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n tètè rí i. Ó ní, "Èló ni wọ́n máa gbà?" Mo ní ọ̀fẹ́ ni ní ọsibítù ìjọba, itọ́ ikọ́ nìkan ni wọ́n máa gbà. Ó sọ igbá orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n tún ọ̀nà ibẹ̀ sọ fún òun.