Ìgò kan, ọmọ mẹ́wàá

Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ọlúwo, l'Ẹ̀pẹ́ níbí, gbé ọmọ ẹ̀ wá fún abẹ́rẹ́ èéyi, ọmọ ti pé oṣù mẹ́sàn-án géérégé, ni àbúrò wa kan, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bá ní kó padà wá lọ́jọ́rú torí ọmọ ò tíì pọ̀. Kò padà wá mọ́. Ìgbà tá a máa tún rí i, èéyi ti bo ọmọ yẹn lára, ojú pọ́n kankan, ikọ́ ò jẹ́ kó mí, wọ́n sì ti fi ẹmu pa á lára kó lè yọ síta tán.

Ṣé ẹ mọ bí abẹ́rẹ́ yìí ṣe rí? Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló wà nínú ìgò, omi tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, a máa ń pò ó ni, ìgò kan á sì tó ọmọ mẹ́wàá. Tá a bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, lẹ́yìn ìyẹn dídànù ni, kódà kó wà lórí yìnyín. Nọ́ọ̀sì á wo ọmọ kan ṣoṣo yẹn, á ní tóun bá ṣí i mẹ́sàn-án máa bàjẹ́, wọ́n á wá bi òun, ló bá ní kí ìyá máa lọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gan-an ti sọ pé ká ṣí i kódà bó jẹ́ ọmọ kan ló wá. Tèmi ni pé kó bàjẹ́ jàre, owó ìtọ́jú èéyi ju ti mẹ́sàn-án yẹn lọ fíìfíì.

Ẹ wò ó, nínú ìwádìí NDHS tí wọ́n máa ń ṣe láti ilé dé ilé, lọ́dún 2003, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ti pé ọdún kan tí ò tíì pé méjì, 36 ló ti gba abẹ́rẹ́ èéyi ní Nàìjíríà. 2008 ó di 41, 2013 ó di 42, 2018 ó di 54. Ó ń gòkè o, àmọ́ ìrìn ìgbín ni, èéyi sì ń fẹ́ 95 kó tó jáwọ́, torí ẹnì kan lè kó o ran èèyàn 12 sí 18 tí ò ní àjẹsára, ó sì ti ń ràn án fún bí ọjọ́ mẹ́rin kó tó sú sí i lára rárá. Gambia lé e lọ pátápátá lọ́dún 1967, ìgbà tí abẹ́rẹ́ ò délé dóko déédéé mọ́, ó padà wálé.

Ti abẹ́rẹ́ èkejì ló tún wá ń dùn mí. Láti 2019 la ti ń fún ọmọ ní ìkejì ní oṣù 15 lápá gúúsù níbí, torí ní oṣù mẹ́sàn-án, bí ọmọ 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kì í mú dáadáa lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà mọ káàdì àtijọ́, wọ́n á ní "oṣù mẹ́sàn-án ló ń parí, kí lẹ tún ń wá lọ?"

Káàdì sọnù? Ẹ gbé ọmọ wá bẹ́ẹ̀. Ó ti kọjá oṣù 15? Ẹ ṣì gbé e wá. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣí ìgò, kẹ́ ẹ sì tètè débẹ̀, torí èyí tá a bá pò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tó bá fi máa di mẹ́ta ọ̀sán a ti da ìyókù nù.